Gíláàsì Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Othmar

Láti àárọ̀ ni ìdí Verena Begle kò ti gbé ibì kan. Ó jókòó sórí àga tí ọmọ rẹ̀ tẹ́ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó dìde. Ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ ìjàpá, ó tò sórí ìlà, nígbà tí ó ku ẹni méjì kí ó kàn án, ó yà kúrò. Ó padà wá jókòó. Kò pẹ́, ó tún dìde, ó mú aṣọ, ó ń nu ibi tí Leon ọmọ rẹ̀ ti nù lẹ́ẹ̀mẹta.

"Verena, ṣé èèrà wà lórí àga yẹn ni?" Irma Schnarr ló bi í bẹ́ẹ̀. Irma ló ni ọkọ̀ asáré pupa tí wọ́n ń pè ní Kọ́fẹ́ẹ̀tì tó wà lápá òsì wọn, wọ́n sì ti ń bá ọ̀rẹ́ wọn bọ̀ kí irun kankan tó funfun lórí àwọn méjèèjì.

"Oòrùn ló ń pa mí."

"Abẹ́ igi lo wà."

"Bóyá igi náà ló ń pa mí, nígbà náà."

Irma rẹ́rìn-ín. Ó na ife bíà sí i, Verena gbà á, ó gbé e sílẹ̀ láì fẹnu kàn án.

Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kẹjọ, ni àwọn tó ní Kọ́fẹ́ẹ̀tì ní agbègbè Jasper máa ń to ọkọ̀ wọn sábẹ́ àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ àríyá ìjọ. Lọ́dún yìí, ọkọ̀ mọ́kànlélógójì ló wá. Ẹnikẹ́ni kì í gba ẹ̀bùn nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ ń dán. Bí ó bá di ọ̀sán, olúkúlùkù á gba máíkì, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, á sọ ohun kan tí ojú rẹ̀ ti rí pẹ̀lú ọkọ̀ náà. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá wọ àwọn èèyàn lára jù ló ń gbé odidi itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kì í sì wa ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó fi itan ẹlẹ́dẹ̀ náà lé ẹni tó gbégbá orókè lọ́wọ́. Bí ẹni ń jáde kí àlùfáà tó súre ni wọ́n ka ìyẹn sí.

Kì í ṣe ìtàn sísọ nìkan ló ń da Verena láàmú. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ náà ni Claude Wininger yóò gbé ọkọ̀ tiwọn lọ láti tún un ṣe.

Claude ni baba àwọn tó ń tún ara Kọ́fẹ́ẹ̀tì ṣe ní gbogbo ìhà ibẹ̀. Ara ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe irin, fáíbà ni, ọwọ́ Claude sì mọ fáíbà bí ọwọ́ ìyá ṣe mọ ara ọmọ tuntun. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ó so tírélà tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, gíláàsì kéékèèké méjì sì wà nínú rẹ̀ tí a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé, pẹ̀lú ọ̀pá fáíbà gígùn kan tó tẹ̀ bí egungun ìhà. Ọ̀pá yẹn ni wàhálà. Ọkọ̀ ọdún 1963 nìkan ni wọ́n ṣe é sí lára, láàárín gíláàsì ẹ̀yìn, tí ó pín gíláàsì náà sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ti 1963 bá mú ayùn, wọ́n gé ọ̀pá tiwọn dànù, wọ́n fi gíláàsì kan ṣoṣo sí i, kí ọkọ̀ wọn lè jọ tuntun. Lónìí, àwọn kan náà ló ń di orí mú. Ọkọ̀ tó bá ṣì ní ọ̀pá rẹ̀, ọba ni. Èyí tí wọ́n ti gé tirẹ̀, èèyàn á wò ó, á mi orí, á kọjá.

Wọ́n ti gé ti Othmar Begle, ọkọ Verena.

Inú oṣù kejì ni Othmar kú. Ogójì ọdún ni Leon fi bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí wọ́n dá ọ̀pá náà padà, ogójì ọdún ni Othmar sì fi sọ pé, "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Báyìí, ọkọ̀ ti di ti Leon. Leon kì í sì í dárúkọ gíláàsì náà láì fi èébú tì í lẹ́yìn.

"Òmùgọ̀ ará Evansville yẹn," ni ó máa ń wí. Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un ni pé lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Evansville ni òun ti ra ọkọ̀ náà, tí onítọ̀hún ti gé ọ̀pá kúrò kí òun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo Jasper ló mọ ìtàn náà.

Verena nìkan ló kù láyé tó mọ̀ pé kò sí ọkùnrin kankan.

Ní Evansville ni wọ́n ń gbé nígbà náà, lóòótọ́. Othmar ra ọkọ̀ náà ní tuntun, ó sì fẹ́ràn ọ̀pá yẹn débi pé ó ń fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ológbò lára. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1965, Leon kò tíì pé ọmọ ọdún méjì àbọ̀. Verena fẹ́ yára dé ilé ìtajà kan, ó wọ ọkọ̀, ó wo dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, ọ̀pá ló rí, ó rí ògiri lápá ọ̀tún ọ̀pá, ó rí okùn aṣọ lápá òsì. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ìró tó gbọ́ kò ju ti ẹ̀ka igi gbígbẹ tí èèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ. Egungun itan ọmọ náà kán. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi wà nínú símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi dì í láti àyà dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, nígbà tí wọ́n sì tú u, ẹsẹ̀ òsì ti kúrú ju ọ̀tún lọ díẹ̀. Títí di òní, bàtà òsì Leon ní àfikún àtẹ̀lẹsẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ti ọsibítù dé ni Othmar mú ayùn irin. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gé ọ̀pá náà, èérún fáíbà bò ó lára, ó ń yún un fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó parí, ó ní, "Bí ọmọ bá bèèrè, orí àtẹ̀gùn ló ti ṣubú. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rà á. Mi ò fẹ́ kó dàgbà tán kó máa wò ọ́ bí ẹni tó ṣe é léṣe." Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó padà sí Jasper, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí ọkọ̀ náà rí.

Verena mọ̀ pé bí òun yóò bá sọ̀rọ̀, kí agogo mẹ́ta tó lù ni. Bí Claude bá ti fi ọ̀pá náà lẹ̀ mọ́ ọn, ohun tí Othmar ṣe fún òun ti parẹ́ nìyẹn, Leon á sì máa bú aláìsí títí ayé láì mọ̀ pé bàbá òun ni òun ń bú. Ṣùgbọ́n bí òun bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ó tún dìde.

"Mọ́mì, ẹ jókòó, ó ti ń kan yín bọ̀," ni Leon wí. Ó ti tẹ ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa sọ lórí máíkì sórí bébà kan, ó kọ ọ́ gàdàgbà kí ó má baà nílò awò ojú. "Ẹ kàn máa kà á lọ. Ibi ará Evansville yẹn, ẹ dúró díẹ̀ kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Irma ló kọ́kọ́ gba máíkì. "Owó iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ra ọkọ̀ yìí ní 1972," ó wí. "Ẹni tó ń tà á ní kí n lọ mú ọkọ mi wá. Mo ní mi ò tíì rí i. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo pàdé ọkùnrin kan nílé epo. Ó béèrè orúkọ ọkọ̀, ó béèrè iye tó ń sá, ó béèrè epo tó ń mu. Mo dé ilé kí n tó rántí pé kò béèrè orúkọ mi. Mo fẹ́ ẹ náà ṣá."

"Ṣé ó ti wá béèrè báyìí?" ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Ó kú kó tó kàn án," Irma fèsì, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín, òun náà pẹ̀lú.

Bernard Mehringer tẹ̀ lé e. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ọkọ̀ ọdún 1963 ni tirẹ̀ náà, ọ̀pá rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó ń dán. "Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀," ó ní. "Èmi fúnra mi ni mo gé e. Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Máàsì, ọdún 1964. Ọmọbìnrin kan ni mo ń fẹ́, mo fẹ́ kó rò pé ọkọ̀ tuntun ni mo gbé wá. Kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ọkùnrin tó ní katakata ló lọ fẹ́. Ogún ìṣẹ́jú ni ayùn gbà. Àbámọ̀ gba ọdún mẹ́rìnlélógún kí n tó rí ẹni bá mi dá a padà."

Leon pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. "Bùrọ̀dá Bernard, ẹ̀yin àti ará Evansville yẹn, ìyá kan náà ló bí yín."

"Ó sàn fún mi," Bernard wí. "Èmi jẹ́wọ́. Òun sá lọ."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Verena wo ẹnu ọmọ rẹ̀ tó là sílẹ̀ nínú ẹ̀rín, ó sì rí ẹnu Othmar níbẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún.

Nígbà tí wọ́n gbé máíkì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé bébà náà sójú. Ó ka ìlà kìíní, "Ọkọ mi fẹ́ràn ọkọ̀ yìí." Ó wo ìlà kejì. Ibẹ̀ ni Evansville wà. Ọ̀rọ̀ tí Verena ti sọ ní ìgbà àìmọye, ní ibi ìgbéyàwó, ní ibi ìsìnkú, lónìí ó kọ̀ láti jáde. Ó ronú láti sọ òtítọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, kò sì yẹ kí ó fọ́ lójú igba èèyàn kí ẹni tó ni ín tó gbọ́. Ó ká bébà.

"Ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀," ó wí, ó sì dá máíkì padà.

Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Wọ́n pàtẹ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn kan bọ́ fìlà.

Leon tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn igi. "Mọ́mì, kí ló dé? Gbogbo èèyàn ń dúró de ibi ará Evansville."

"Kò sí ará Evansville, Leon."

"Ṣé ẹ ti jẹun lónìí?"

"Mi ò tíì jẹun, orí mi sì pé. Tuntun ni bàbá rẹ ra ọkọ̀ yìí. Gíláàsì méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ọ̀pá náà."

Leon kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Dádì? Dádì tí kì í jẹ́ kí n gbé ife kọfí sí ìtòsí rẹ̀?"

"Nítorí tèmi ló ṣe gé e. Mi ò rí ẹ̀yìn. Ọ̀pá ni mo rí, mi ò rí ọ. O ò ṣubú lórí àtẹ̀gùn, Leon. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbá ọ."

Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò lójú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Ó wo bàtà òsì rẹ̀. Ó wo ọkọ̀.

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ yìí."

"Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń nu ọkọ̀ yìí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ dúró ní fèrèsé, ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń nù ún."

"Mo dúró níbẹ̀."

Leon yí kúrò, ó tún yí padà. "Mo bi yín nígbà tí mo pé méjìlá. Inú kíṣíìnì ni. Mo ní kí ni mò ń wá lórí àtẹ̀gùn. Ẹ ní bọ́ọ̀lù. Ẹ tiẹ̀ sọ àwọ̀ rẹ̀."

"Aláwọ̀ ewé."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ àwọ̀?"

Claude Wininger ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi aṣọ nu epo adìẹ díndín kúrò lọ́wọ́, kò mọ ohun tó ń lọ. "Mama Begle, ẹ ṣeun. Leon, bí wọ́n bá ti fi itan ẹlẹ́dẹ̀ lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́ tán, kí n wa tírélà wá?"

"Claude, padà lọ jẹun," Leon wí láì gbé ojú sókè. "Mi ò lè ronú kí èèyàn dúró lé mi lórí."

Ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ́ńjìnnì náà bú, gbogbo orí sì yí sí wọn. Ó wa ọkọ̀ gba àárín àwọn tábìlì kọjá, ó já sí ojú títì. Agogo kan kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

"Leon Begle," ni ẹni tó di máíkì mú ń pè, "itan ẹlẹ́dẹ̀ kò tíì jáde o, níbo lò ń lọ?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò délẹ̀.

Verena jókòó nínú àyè òfìfo tí ọkọ̀ náà fi sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ sétí títì, ó wo ìhà Huntingburg, ó padà. Ó tún lọ. Bernard ló gba itan ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Claude wá sọ pé òun ń lọ, kí Leon pe òun nígbàkigbà. Ọkọ̀ ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, koríko ń fara hàn láàárín wọn, ó wá ku ọkọ̀ pupa Irma nìkan.

"Kí lo sọ fún un?" Irma bi í.

"Ohun tó yẹ kí n ti sọ láti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta sẹ́yìn."

"Ó dáa."

"O ò béèrè ohun tó jẹ́?"

"Ó ń yún mi létí gan-an," Irma wí, "ṣùgbọ́n mi ò béèrè. Jókòó, Verena. Bó o ṣe ń lọ tó o ń bọ̀ yìí, òòyì ti ń kọ́ mi."

Kò jókòó. Ó rò ó pé Leon lè ti kọlu igi. Ó rò ó pé ó lè ti lọ síbi tí kò ní í padà láti ibẹ̀ títí òun yóò fi kú. Ó bú Othmar nínú ọkàn rẹ̀ pé ó gbé òkúta lé òun láyà, ó sì sá lọ sábẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀ ẹ́.

Agogo márùn-ún kù díẹ̀ ni ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà. Ó mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún. Eruku bo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, èyí tí Leon kò gbà rí. Ó dúró, ó na ọwọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì látinú.

"Ẹ wọlé."

Verena wọlé. Irma gbé ọwọ́ sókè sí wọn, ó sì lọ wọ ọkọ̀ tirẹ̀.

Leon kò tíì gbéra. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítiárín. "Mo dé Evansville," ó wí. "Àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ìbí mi ni mo wá lọ. Ilé náà ṣì wà. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń gbé ibẹ̀, ó rò pé mo fẹ́ ta ọkọ̀ fún òun."

"Kí lo ń wá?"

"Àtẹ̀gùn." Ó yí ojú sí i. "Ìgbésẹ̀ méjì ni, Mọ́mì. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbésẹ̀ méjì péré. Ṣé ọmọ lè fi ìyẹn kán egungun itan?"

"Bàbá rẹ ló sọ àtẹ̀gùn. Kò mọ irọ́ pa."

"Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n pa."

"Èmi mọ̀ ọ́n pa," Verena wí.

Ohun kan bí ẹ̀rín fẹ́ jáde lẹ́nu Leon, ó pa ẹnu dé mọ́ ọn, omi sì lé sí ojú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún bí ọmọdé.

"Wọ́n fi Dádì ṣe yẹ̀yẹ́ fún ogójì ọdún. Èmi ni mo ṣáájú wọn. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń mu bíà rẹ̀."

"Ó máa ń sọ pé kò dun òun."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Irọ́ ni. Ọjọ́ tí Bernard dá tirẹ̀ padà, ó lọ wò ó, ó dé ilé, kò jẹun."

Leon mi orí. Ó yọ fóònù, ó tẹ nọ́ńbà, ó dúró. "Claude? Èmi ni. Ọ̀pá yẹn àti gíláàsì méjèèjì, bá mi tà wọ́n fún ẹni tó bá ń wá wọn. Rárá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Bàbá mi ló ṣe é bẹ́ẹ̀." Ó gbọ́ ohun tí Claude ń wí, ó ní, "Bàbá mi ni mo wí," ó sì pa fóònù.

Verena fẹ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Leon rọra gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Inú ṣì ń bí mi sí yín."

"Mo mọ̀."

"Ó lè pẹ́ kó tó tán."

"Jẹ́ kó pẹ́."

Ó tan ọkọ̀. Wọ́n já sí ojú títì, wọ́n kọjá ilé iṣẹ́ tí Othmar ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe tábìlì, wọ́n kọjá oko àgbàdo tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ràn sí lórí. Ó yẹ kí wọ́n yà sí ọ̀tún kí wọ́n dé ilé. Leon kò yà. Ó ń lọ tààrà.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi," ó wí. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má fo ohunkóhun."

Verena wo ọ̀nà tó wà níwájú. "Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni," ó wí. "Ó ti sùn. Mílíìkì rẹ sì ti tán."